Ta ló ń jẹ́ Lucumí?

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí gùn díẹ̀ o. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá kéré, kó tọ́jú ẹ̀, kó kà á lálẹ́.

Ìlọrà ni mo wà lọ́jọ́ náà, nílé tí a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, ₦200 lówó ìwọlé. Bologna ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kan ní Ítálì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn Bologna ní Ìlọrà o. Àwọn ọmọ ti ta tẹ́tẹ́ lé e lórí ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kọjá níwájú kámẹ́rà, orúkọ hàn gedegbe lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀: LUCUMÍ.

Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe fò dìde nìyẹn: "Lúkúmánù! Ẹ wò ó, ọmọ wa tún nìyẹn! Àwọn òyìnbó ni ò mọ̀ ọ́n kọ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣebí Ademola Lookman náà gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì, ní Atalanta, ibẹ̀ ló wà tó fi gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 2024. London ni wọ́n bí i sí. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè yé èèyàn pé Lukman ni, Lúkúmánù tí a mọ̀ ládùúgbò. Tí Lúkúmánù bá lè di Lookman, kí ló ní kó má di Lucumí?

Mo yọ fóònù. Jhon Lucumí, Cali ni wọ́n bí i sí, ní Colombia, ní 1998. Kì í ṣe Lúkúmánù rárá, kò sí Lárúbáwá kankan nínú orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà tó bí a ṣe rò. Lucumí lorúkọ tí àwọn ará Spain ń pe àwa tí à ń jẹ́ Yorùbá lónìí. Wọ́n sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní bí igba ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa pe gbogbo wa pọ̀ ní Yorùbá.

Mi ò mọ bí eré yẹn ṣe parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ Patel. Ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ olórí abúlé, ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀. Àwọn Patel wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kenya àti Uganda, wọ́n ṣòwò, wọ́n kọ́lé. Ní 1972 ni Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà tó wà ní Uganda ní 90 ọjọ́ pé kí wọ́n kẹ́rù wọn. Ọ̀pọ̀ wọn já sí Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, orúkọ náà wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù ní London, ní Amẹ́ríkà sì rèé, àwọn Patel ló ni ọ̀pọ̀ ilé ìtura ẹ̀bá títì. Orúkọ yẹn àti ẹni tó ni ín jọ rìn ni. Wọ́n jọ jáde nílé, wọ́n jọ débẹ̀.

Lucumí ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé Lucumí jáde nílé. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti fún wọn.

Ní 1627, àlùfáà Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ Alonso de Sandoval tẹ ìwé kan jáde ní Seville, ní Spain. Cartagena, ní etíkun Colombia, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ ẹrú bá ti gúnlẹ̀, òun àti àwọn ògbufọ̀ rẹ̀ a lọ bá wọn, wọ́n á bi àwọn èèyàn náà léèrè ibi tí wọ́n ti wá àti èdè tí wọ́n ń sọ, wọ́n á sì ṣèrìbọmi fún wọn. Lára àwọn tó kọ sílẹ̀ ni àwọn "Lucumí". Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ní 1627, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìbàdàn ò tíì sí, ọ̀nà Fìdítì tí à ń gbà lónìí, igbó ni.

Ní 1668, ọkùnrin ará Netherlands kan, Olfert Dapper, kọ ìwé ńlá nípa Áfíríkà. Kò débí rí o, Amsterdam ló jókòó sí, ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ti débí jọ. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó pè ní "Ulkami", láàrin Àlàdá àti Bìní. Ó tún ní àwọn ará Àlàdá fẹ́ràn láti máa sọ èdè àwọn Ulkami yìí ju tiwọn lọ. Ibi tó jẹ́ mí lẹ́nu nìyẹn. Bó ṣe jẹ́ pé òyìnbó ni gbogbo wa fẹ́ máa sọ báyìí, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé tiwa ni wọ́n ń fẹnu fẹ́.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni "olùkù mi", ìyẹn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́ olùkù rí. Ó ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn èèyàn kan sì wà ní Ìpínlẹ̀ Delta, ní Ugbodu àti Ukwunzu, láàrin àwọn tó ń sọ Ìgbò, tí èdè tiwọn jọ Yorùbá gan-an. Olùkùmi ni wọ́n ń pe ara wọn títí dòní. Tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó máa ṣe yín bíi pé ẹ̀ ń gbọ́ ìyá àgbà kan láti inú yàrá kejì: ẹ ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èèyàn yín ni.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkíni ló di orúkọ. Kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní Freetown, Akú ni wọ́n pe àwọn baba wa, torí "ẹ kú" tí wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, nígbà òjò, nígbà ọ̀fọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹnu wa ló máa ń kó bá wa! Ní Brazil, Nagô. Ní Trinidad, Yaraba. Orúkọ mẹ́rin fún ọmọ ìyá kan, kò sì sí ọ̀kan tí ìyá náà sọ wọ́n nínú ẹ̀.

Kí ẹnì kan tó bi mí pé Yorùbá ńkọ́: Yorùbá náà, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fi ń pè wá. Àwọn Hausa ló ń pe àwọn Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run dé, tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, títí ó fi kan Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn yòókù. Ẹ lọ pe ará Ìjẹ̀ṣà kan ní Yorùbá ní 1800, kó wò yín bí ẹni pé ẹ mutí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí etíkun Cartagena.

Akọ̀wé jókòó, ó mú gègé. Ó kọ "Juan". Juan, orúkọ mímọ́ nìyẹn, àlùfáà ló fún un. Ó wá kọ "Lucumí". Ìyẹn ò yàtọ̀ sí àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpò kòkó: ibi tí ọjà ti wá, kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tó ń rà. Torí bẹ́ẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe gbogbo Lucumí ló jẹ́ tiwa. Ní Cuba, wọ́n kọ Lucumí Eyó, Ọ̀yọ́ nìyẹn. Wọ́n kọ Lucumí Iyesá, Ìjẹ̀ṣà nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ Lucumí Tapa, kódà wọ́n kọ Lucumí Jausá, ìyẹn Hausa. Ẹni tó ń kọ ọ́ ò bìkítà.

Láti Cartagena, wọ́n á kó àwọn kan gba orí odò Magdalena lọ sókè, títí dé Popayán, ìlú àwọn olówó tó ní ìwakùsà wúrà àti oko ńláńlá. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Cauca nìyẹn, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn Colombia. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí: àmì ara ẹrù di orúkọ ìdílé. Juan Lucumí bímọ, ọmọ náà jẹ́ Lucumí. Ọmọ yẹn ò rí Ọ̀yọ́ rí, ó lè má gbọ́ ju gbólóhùn mélòó kan lọ nínú èdè bàbá rẹ̀, síbẹ̀ Lucumí ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ lọ, títí òfin tó fòpin sí òwò ẹrú àti níní ẹrú ní Colombia fi jáde ní 21 May, 1851, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852.

Àwọn Lucumí nìkan kọ́. Àwọn Carabalí wà níbẹ̀, Calabar nìyẹn. Àwọn Viáfara, Biafra. Àwọn Mina, láti Elmina ní Ghana. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Everton tí ẹ fi Yerry Mina ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan: Guachené, ní Cauca, ni ilé ẹ̀. Francia Márquez tó di igbákejì ààrẹ Colombia ní 2022, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn, Cauca náà ló ti wá. Orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Francia Elena Márquez Mina. Tí ẹ bá kó orúkọ àwọn aládùúgbò kan jọ ní abúlé Cauca, ẹ ti ya àwòrán etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tán, láìmọ̀.

Àwọn mìíràn gba orúkọ olówó wọn. Mosquera àti Arboleda, ìdílé ọlọ́lá ní Popayán ni wọ́n, wọ́n lẹ́rú rẹpẹtẹ. Lónìí orúkọ méjèèjì kún àárín àwọn èèyàn dúdú Colombia. Mo máa ń ronú lé èyí: ẹni tó jẹ́ Mosquera ń jẹ́ orúkọ ẹni tó rà á, ẹni tó jẹ́ Lucumí ń jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti tà á. Èwo lẹ̀yin máa mú? Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú méjèèjì tí ọmọ Ìlọrà kan lè rí lórí tẹlifíṣọ̀n kó sì fò dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó fi fò dìde ò tọ̀nà.

Àríwá Cauca àti Cali ni ìdí àwọn Lucumí wà títí dòní. Ọ̀pọ̀ ló ṣí kúrò lóko lọ sí Cali, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Fìdítì ṣe ń ṣí lọ sí Ìbàdàn. Láti Cali ni bọ́ọ̀lù ti gbé ọmọ wọn dé Genk ní Belgium ní 2018, kó tó dé Bologna ní 2022. Orúkọ tó fi ọkọ̀ ẹrú sọdá òkun ti fi ọkọ̀ òfuurufú sọdá padà sí Yúróòpù, lẹ́yìn ẹ̀wù bọ́ọ̀lù.

Ní Cuba ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn tiwa pọ̀ sí jù nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ ká, láàárín 1820 sí 1860 ó lé. Lucumí kún ìwé wọn bí ìyanrìn. Ẹ wo Carlota Lucumí. Ní 5 November, 1843, obìnrin yìí wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato, ní agbègbè Matanzas. Wọ́n pa á. Nígbà tí Cuba kó ọmọ ogun lọ sí Angola ní 1975, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ ogun náà: Operación Carlota. Ẹ rò ó wò: lẹ́yìn ọdún méjìléláàádóje, ọmọ ogun ń padà bọ̀ wá sí Áfíríkà lórúkọ obìnrin tí wọ́n jí gbé láti Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n bí ó ti pọ̀ tó yẹn, Lucumí ò fìdí múlẹ̀ bí orúkọ ìdílé ní Cuba bíi ti Cauca. Ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ Cuba, criollo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, orúkọ olówó bàbá rẹ̀ ló sì máa ń jẹ́. Lucumí wá di orúkọ ẹ̀sìn òrìṣà àti orúkọ èdè tí wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀. Ìlú wọ̀nyí ṣe ìdàkejì ara wọn: Cauca pa orúkọ mọ́, èdè lọ. Cuba pa èdè mọ́, orúkọ lọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìtàn mi máa parí sí. Àfi bí mo ṣe kan ọkùnrin amúkùn-ún kan.

Fernando Ortiz, onímọ̀ ará Cuba kan, kọ ìwé ńlá nípa ìlù àwọn dúdú ibẹ̀ láàárín 1952 sí 1955. Ohun tí àwọn onílù àgbà sọ fún un ló kọ. Wọ́n ní ọkùnrin Lucumí kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lóko ìrèké. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹrú ní Havana. Ibẹ̀ ló wà tó ń gbọ́ ìlù bàtá lókèèrè, ó sì mọ̀ pé ìlù yẹn ò pé, wọn ò ṣe ètùtù fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Nígbà tó jáde, ó wá ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó mọ igi í gbẹ́, àwọn méjèèjì sì ṣe ìlù bàtá tó pé, tí wọ́n fi ètùtù gbà wọlé, ní 1830. Ìyẹn ni àwọn ará Cuba ń pè ní àkọ́kọ́.

Orúkọ tí ìwé mọ amúkùn-ún yìí sí ni Juan, el Cojo, ìyẹn Juan Amúkùn-ún. Orúkọ tí ìwé mọ èkejì sí ni Filomeno García. Ṣùgbọ́n àwọn onílù ò gbàgbé orúkọ ilé. Filomeno García ni Atandá. Àtàńdá! Oríkì tiwa gan-an. Juan Amúkùn-ún sì ni Añabí.

Ẹ ka èyí kejì yẹn sókè. Ñ ti Spain yẹn, "ny" ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá ní kí àgbà kan pe orúkọ òrìṣà onílù fún yín, kí ẹ fetí sí bó ṣe ń gba imú rẹ̀ jáde. Añá. Àyàn. Añabí, Àyànbí.

Mo pa fóònù dé. Torí èmi náà, Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kíá. Àyàn Àgalú ni a gbà pé ó kọ́kọ́ lu ìlù. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétòyèṣé Láoyè, tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù dáadáa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Saworo ní ilẹ̀ Ìbàrìbá ló ti wá, pé ó kọ́ àwọn ìdílé kan nílùú, nígbà tó kú wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fíìmù Ṣaworoidẹ ti Tunde Kelani ní 1999, ẹ rántí Àyàngalú nínú ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sílé onílù, Àyàn ló máa ṣáájú orúkọ rẹ̀, bí Ọ̀jẹ́ ṣe ń ṣáájú nílé eléégún, tí Ọdẹ ń ṣáájú nílé ọlọ́dẹ, tí Ọ̀nà ń ṣáájú nílé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà.

(Ẹ má lọ fi wá a lórí Facebook o. Tí ẹ bá tẹ "Ayan", ọmọ Íńdíà àti ọmọ Somalia ló máa kún ojú fóònù yín, orúkọ tiwọn nìyẹn, kò kan ìlù. Àyànfẹ́ náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tí a yàn, tí a fẹ́, nìyẹn. Ẹ̀yin Àyànfẹ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.)

Orúkọ bàbá bàbá mi ni Àyànwálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Àyàntúndé, àbúrò wọn ni Àyànlékè. Bàbá kan náà, ìyá kan náà. Láyé ìgbà yẹn, kò sóhun tó ń jẹ́ sọ́nẹ́èmù. Orúkọ rẹ ni orúkọ rẹ, Àyàn ló ń sọ ilé tí o ti wá. Ìgbà tí ilé ìwé dé, tí olùkọ́ jókòó pẹ̀lú rẹ́jísítà, ó bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lorúkọ bàbá rẹ?" Ohun tí ọmọ bá dáhùn ló kọ. Bí agboolé kan ṣe di sọ́nẹ́èmù mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Mo ti bá ọmọ Àyànlékè kan pàdé ní yunifásítì rí, ó ku díẹ̀ ká máa fẹ́ra wa.

Akọ̀wé náà ló tún ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn, ẹ ò rí i? Ti Cartagena, ti Ìlọrà. Kódà Afijio tí à ń pe ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n kó jọ. F inú ẹ̀, Fìdítì nìyẹn. J, Jóbẹ̀lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, ó jẹ́, àwa náà sì ń dáhùn.

Mo sì mọ̀ pé orúkọ Àyàn nìkan ò tó láti fi dá onílù mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. A. Àyàndélé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọ ìwé ńlá nípa àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ní Nàìjíríà ní 1966, gègé lòun dì mú. Sikiru Adepoju, ọmọ Èrúwà tó gbé ìlù dé California, tó sì wà nínú iṣẹ́ Global Drum Project tó gba Grammy, ilé onílù ló ti wá, kò sí Àyàn nínú orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Làmídì Àyànkúnlé ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, orúkọ Mùsùlùmí ló ṣáájú, Àyàn tẹ̀ lé e, kò sì sí èyí tó dí èkejì lọ́wọ́.

Ilé wa ni ọ̀rọ̀ ti dí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá fìsà lẹ́ẹ̀méjì, wọn ò fún un. Ẹnì kan níbi tó ti ń gbàdúrà sọ fún un pé orúkọ ìdílé rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn, pé òrìṣà ló wà níwájú orúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá Bàbá sọ ọ́. Ó lọ búra ní kóòtù, ó san owó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, ìlà mẹ́rin tín-ínrín: ẹni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí báyìí báyìí, Olúwálé ni a ó mọ̀ ọ́n sí láti òní lọ. Ó yọ Àyàn, ó fi Olú dípò. Ẹlòmíràn nínú ẹbí ló ka ìwé ìròyìn náà, òun ló mú un wá fún Bàbá.

Bàbá ò pariwo. Ó ní, "Ó ku wálé. Ó ṣì fi wálé sílẹ̀." Ó wọlé lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní fìsà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ fún èmi náà pé kí n lọ pààrọ̀ tèmi kí n tó ṣe ìwé ìrìnnà. Ìyá mi sọ ọ́. Àbúrò ìyá mi sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe NIN fún mi sọ ọ́, tèmi tirẹ̀ ò sì mọra rí! Mi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n mi o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀méjì lẹ́nu ọ̀nà ló mọ ohun tí ojú ẹ̀ rí, ó sì ti kọ̀wé yege kí wọ́n tó dá a padà. Ohun tí mo sọ fún un lórí WhatsApp ni ti Añabí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sọ ọkùnrin yìí ní Juan. Ó jẹ́ Juan nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìlù tó ṣe, Añabí lorúkọ ẹ̀, títí dòní." Nítorí òótọ́ ni: orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlù mẹ́ta yẹn. Ní Havana títí dòní, ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé sídìí ìlù, ọmọ Añá ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ García, ì báà jẹ́ Pérez.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Àmì méjèèjì di búlúù. Kò fèsì.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ bímọ ọkùnrin níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pe Bàbá lórí fídíò pé kí wọ́n fún ọmọ lórúkọ. Àwọn òbí ìyàwó sọ tiwọn, àlùfáà sọ tirẹ̀. Ó kan Bàbá. Gángan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn látàárọ̀, a sì rò pé wọ́n kàn gbé e síbẹ̀ ni. Wọ́n gbé e sí abíyá, wọ́n fi ìlù pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Nẹ́tíwọ̀kì ń já. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè, kò já gaara."

Bàbá fẹnu pè é: "Àyànbí."

Èmi ò sọ fún Bàbá nípa Cuba o. Mo ti búra fún ìyá mi. Ọ̀kan nínú orúkọ àwọn bàbá ńlá wa ni, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jẹ́ ẹ kẹ́yìn.

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ìyẹn nìkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ náà wà níbẹ̀, òun ló ṣe ìkẹta. Akọ̀wé ibẹ̀ kọ ọ́ ní "Ayambi". Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dá a padà fún wọn, pé ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ní kí òun wá gba èyí tí wọ́n tún ṣe.